Ilé Là Ń Wò Ká Tó Ra Ẹja Áńgẹ́lì

Ìdí páípù omi ni Ẹ̀gbọ́n kọ́kọ́ mú mi lọ, kì í ṣe ìdí ẹja. Lábẹ́ ibi ìfọbọ́ nínú ilé ìdáná rẹ̀ ní Thamesmead, ní gúúsù ìlà-oòrùn Lọ́ńdọ̀nù, ó ṣí ilẹ̀kùn kékeré kan, mo sì rí asẹ́ onírọ̀bà funfun mélòó kan tí wọ́n tò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Páípù tín-ín-rín kan jáde lára wọn, ó ń kán omi tótó sínú dúrọ́ọ̀mù búlúù kan tó gba gbogbo igun ilé ìdáná náà.

"Àbúrò, ibí ni wàhálà ẹja yẹn ti bẹ̀rẹ̀," ó wí. "Ẹni tí kò bá lè ṣe omi, kó má fọwọ́ kan regal."

Plọ́mbà ni Ẹ̀gbọ́n. Ó mọ ohun tó wà nínú omi ẹ̀rọ Lọ́ńdọ̀nù, torí òun náà ló ń tún páípù ṣe nílé onílé. Ilẹ̀ ẹfun ni púpọ̀ nínú omi ìlú náà ń gbà kọjá, ìdí nìyẹn tí nǹkan funfun fi máa ń dì sínú kẹ́tùlù gbogbo ilé. Nitrate àti phosphate tún wà nínú rẹ̀, pẹ̀lú oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò àìfojúrí. Ènìyàn lè mu ún kò sí nǹkan kan, ṣùgbọ́n àwọn ẹ̀dá tó ń gbé lórí àpáta iyùn inú òkun kò lè gbà á. Àwọn asẹ́ wọ̀nyí ń ti omi gba ara awọ kan tí ihò ara rẹ̀ kéré tó bẹ́ẹ̀ tí omi nìkan fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ohun tó lè kọjá. Lẹ́yìn èyí ni Ẹ̀gbọ́n yóò wá da iyọ̀ òkun sí i, nǹkan bíi gíráàmù 35 sí lítà kan, tí pọ́ǹpù kékeré yóò sì máa rò ó títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Ó kán omi iyọ̀ ẹ̀kán kan sórí awò kékeré kan, ó ní kí n gbé e sójú kí n kọjú sí fèrèsé. Ìlà tó ya búlúù kúrò lára funfun dúró síbi 1.025. Bí òkun ṣe rí gan-an nìyẹn.

Gbogbo èyí, nítorí ẹja kan tí kì í gùn ju sẹ̀ǹtímítà 25 lọ bó ti wù kó dàgbà tó.

Regal angelfish ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè é. Pieter Boddaert, ọmọ ilẹ̀ Netherlands, ló kọ́kọ́ kọ àkọsílẹ̀ nípa rẹ̀ ní 1772, orúkọ tí ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì mọ̀ ọ́n sí lónìí ni Pygoplites diacanthus. Ẹ má ṣe fi wé áńgẹ́lì kékeré inú omi odò tí wọ́n ń tà káàkiri ní ọjà. Amazon ni ìyẹn ti wá, wọn kò sì bá ara wọn tan. Ti inú òkun tó nǹkan bí 90 oríṣi, gbogbo wọn ló sì ní ẹ̀gún kan tó yọ sẹ́yìn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́. Nínú gbogbo wọn, regal wà lára àwọn tí orúkọ wọn burú jù lọ láàárín àwọn olùsìn ẹja: ó máa ń dé ilé wọn, kò ní jẹun, yóò sì kú.

Èyí ni mo wá wò: ọ̀kan tó ń jẹun, tó sì wà láàyè.

A wọ pálọ̀. Ojò gíláàsì náà gùn ní sẹ̀ǹtímítà 180, ó fẹ̀ ní 60, ó ga ní 60. Omi inú rẹ̀ nìkan tó lítà 600 ó lé, ìyẹn ni pé ó wúwo ju ènìyàn méje lọ, nítorí náà orí kọnkéré ìsàlẹ̀ ilé ló gbé e kà, kò gbé e sókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Òkúta òkun tí wọ́n tò lé ara wọn gba àárín rẹ̀, ihò àti ọ̀nà àbùjá kún inú òkúta náà. Mo wò títí, ẹja kéékèèké méjì péré ni mo rí.

"Jókòó, àbúrò. Má ṣe rìn sọ́tùn-ún sósì. Ó ti rí ẹ, ó ń wò ọ́."

A jókòó. Ó pẹ́ díẹ̀ kí orí kan tó yọ láti inú ihò. Lẹ́yìn náà ni ara tẹ̀ lé e. Àwọ̀ ọsàn ló fi ṣe ilẹ̀, àwọn ìlà funfun tó fẹ́ búlúù sì dúró gbọnrangandan láti ẹ̀yìn dé ikùn, dúdú yí etí ìlà kọ̀ọ̀kan ká. Ìrù rẹ̀ pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ ní àwọ̀ ìyeyè. Lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ṣú sí búlúù dúdú bó ṣe ń lọ sí ìdí. Àyà rẹ̀ pọ́n bí ara rẹ̀ yòókù, èyí tó fi hàn pé Òkun Pupa tàbí Òkun Íńdíà ló ti wá. Àwọn ti Pàsífíìkì, àyà wọn a máa ṣe eérú. Ó fi ẹ̀gbẹ́ kan rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkúta, ó yí ojú kan sí wa, ó sì wọ ihò mìíràn. N kò rí ẹja tó rẹwà jù bẹ́ẹ̀ lọ rí.

Ẹ̀gbọ́n ní bó ṣe ń ṣe nínú òkun náà nìyẹn. Láti Òkun Pupa àti etí òkun Ìlà-Oòrùn Áfíríkà títí dé àwọn erékùṣù Tuamotu ní Pàsífíìkì, inú ihò àpáta iyùn ló ń gbé, bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí omi kò jìn dé nǹkan bíi mítà 80 nísàlẹ̀. Ojò tí òkúta rẹ̀ kò ní ihò yóò pa á pẹ̀lú ìbẹ̀rù kí ebi tó kàn án.

Ṣùgbọ́n ebi ni olórí ọ̀ràn. Ohun tí regal ń jẹ nínú òkun ni kànìnkànìn, kì í ṣe ti ìwẹ̀ o, bí kò ṣe ẹ̀dá alààyè tó lẹ̀ mọ́ àpáta nísàlẹ̀ omi. Púpọ̀ nínú àwọn kànìnkànìn wọ̀nyí ní egungun wẹ́wẹ́ tó mú bí ìfọ́ ìgò, wọ́n sì ní oró nínú, nítorí náà ẹja díẹ̀ ló lè jẹ wọ́n. Ẹja áńgẹ́lì lè jẹ wọ́n. Ní 1968, Randall àti Hartman ṣí ikùn àwọn ẹja agbègbè Karibíánì wò, wọ́n rí i pé nínú àwọn áńgẹ́lì ẹ̀yà Holacanthus, kànìnkànìn ju ìdá 95 nínú ọgọ́rùn-ún lọ nínú oúnjẹ wọn. Rock beauty, tó ń gbé ní etí òkun Kúbà àti Brazil, wà nínú ẹ̀yà yìí, ó sì ṣòro sìn bíi regal gan-an. Ìdí kan náà ló fà á. Ẹ mú ẹni tí wọ́n fi iyán tọ́ láti kékeré, ẹ gbé e lọ sí ibi tí kò mọ ẹnìkan, ẹ wá gbé bisikíìtì gbígbẹ síwájú rẹ̀: kò ní mọ̀ pé oúnjẹ ni. Ohun tí ojú regal ń rí nìyẹn nígbà tí a bá da oúnjẹ ẹja inú agolo sórí omi.

Kó tó dé iwájú oúnjẹ yẹn pàápàá, ojú rẹ̀ á ti rí nǹkan. Ọ̀pọ̀ ẹja iyùn tó ń dé Yúróòpù wá láti Indonéṣíà àti Fílípíìnì. Àwọ̀n ni àwọn apẹja tó mọ iṣẹ́ fi ń mú wọn. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960 ni àwọn kan ní Fílípíìnì ti ń po cyanide mọ́ omi nínú ìgò, tí wọ́n ń fọ́n ọn sínú ihò àpáta kí ẹja lè dákú kí wọ́n sì rí i mú. Ẹja tó ń sá wọ ihò bíi regal ni irú ọdẹ bẹ́ẹ̀ bá mu jù. Òfin orílẹ̀-èdè méjèèjì lòdì sí i, síbẹ̀ kò tíì tán nílẹ̀. Májèlé náà a máa ba ẹ̀dọ̀ ẹja jẹ́, a sì máa pa iyùn tó wà láyìíká. Ẹja náà lè jí, ó lè dé Lọ́ńdọ̀nù kó máa lúwẹ̀ẹ́, kó sì kú lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan láìsí ẹni tó lè sọ ohun tó pa á.

Lẹ́yìn ìyẹn ni ilé àwọn oníṣòwò, ọ̀rá tí wọ́n fẹ́ ọ́síjìn sí, àpótí fóòmù, bàálù, pápákọ̀ Heathrow. Wákàtí 24 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú òkùnkùn, tí ìtọ̀ rẹ̀ ń kó jọ sínú omi díẹ̀ tó wà pẹ̀lú rẹ̀. Wọ́n sì ti febi pa á kí wọ́n tó dì í, kí omi má bàa tètè bàjẹ́.

"Èmi ti ra èyí tó kú rí," Ẹ̀gbọ́n wí. "Ẹwà ló mú mi lójú. N kò bi ẹni tó tà á bóyá ó ti jẹun. Ó wà níhìn-ín, kò fẹnu kan nǹkan kan títí ẹ̀yìn orí rẹ̀ fi wọlé. Nígbà tí mo lọ ra èyí, mo ní kí ọmọ tó ń tajà bọ́ ọ níṣojú mi. Mo padà lọ lọ́jọ́ mìíràn, mo ní kó tún bọ́ ọ. Ìgbà tí mo rí i pé ó jẹ lẹ́ẹ̀mejì ni mo tó san owó."

Igi ganganran má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ̀gbọ́n ka ohun tó ń wò fún mi: kí ikùn má wọlé, kí ẹran ẹ̀yìn orí kún, kí ojú mọ́ gaara, kí ó má máa mí hẹlẹhẹlẹ, kí ó máa fẹnu ṣa ara òkúta bó ti ń rìn. Ó tún ní kó má kéré jù, kó má sì tóbi jù. Èyí tó kéré kò ní ọ̀rá lára tó lè fara da ebi, èyí tó tóbi sì ti dàgbà kọjá ẹni tó ń kọ́ oúnjẹ tuntun. Tiẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá nígbà tó rà á.

Ó mú mi lọ sí gáréèjì, níbi tí ẹja náà ti kọ́kọ́ gbé kó tó wọ pálọ̀. Ojò kékeré méjì ló wà níbẹ̀, wọn kò ní òkúta, wọn kò ní yanrìn, ìsopọ̀ páípù oníke nìkan ló wà nínú wọn fún ẹja láti sá sí. Ó ní òun kì í fi àwọ̀n gbé regal láti ojò kan sí èkejì, torí ẹ̀gún ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ a máa há mọ́ àwọ̀n. Abọ́ oníke lòun fi ń bù ú pẹ̀lú omi.

Ibí yìí ni mo ti lóye ìdí tí ẹja yìí fi ń kó ìpayà bá àwọn tó mọ iṣẹ́ pàápàá. Àrùn kan wà tí kòkòrò Cryptocaryon irritans ń fà, tó máa ń fi àmì funfun wẹ́wẹ́ bí iyọ̀ sí ara ẹja. Kòkòrò náà a lẹ̀ mọ́ ẹja fún ọjọ́ mélòó kan, a já bọ́, a sé ara rẹ̀ mọ́ sórí òkúta tàbí yanrìn, a pín sí ọ̀pọ̀lọpọ̀, a sì tún wá ẹja mìíràn lọ. Bó bá wọ ojò ńlá, kò sí oògùn tí a lè dà síbẹ̀ tí kò ní pa iyùn. Ohun tó kù ni kí a kó gbogbo ẹja jáde kí ojò náà wà láìní ẹja kan nínú. Ọjọ́ 76 ni ọ̀pọ̀ olùsìn ẹja fi ń dúró. Nítorí náà, ó pọn dandan kí ẹja tuntun kọ́kọ́ gbé ní ìyàsọ́tọ̀.

Ṣùgbọ́n ojò ìyàsọ́tọ̀ tó mọ́ tónítóní, tí kò ní òkúta, ni regal kórìíra jù. Kò rí ihò sá sí, kò rí nǹkan ṣa jẹ. Bàbà ni oògùn tí ọ̀pọ̀ fi ń pa kòkòrò yìí, àwọn ẹja áńgẹ́lì kò sì fara da bàbà bí ẹja mìíràn. Bó bá pọ̀ díẹ̀, ẹja tó ti ń jẹun á tún fi oúnjẹ sílẹ̀. Bí a bá wò ó sàn, ebi lè pa á. Bí a kò bá wò ó, àrùn lè pa á, kó sì pa gbogbo ará ilé rẹ̀ pẹ̀lú.

Ohun tí Ẹ̀gbọ́n ṣe ni pé kò lo bàbà rárá. Ó ń gbé ẹja náà láti ojò kan sí èkejì ní wákàtí 72-72, torí kòkòrò tó ti já bọ́ kì í yára pa ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kí ọmọ rẹ̀ tó jáde, ẹja ti ṣí lọ, a ó fọ ojò àkọ́kọ́, a ó jẹ́ kó gbẹ. Ọjọ́ 12 ni ó fi ń ṣe é. Iṣẹ́ àṣekára ni, ẹni tó ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ ní alẹ́ ló sì ń ṣe é, ṣùgbọ́n ẹja náà ń jẹun ní gbogbo àkókò yẹn.

A padà sí pálọ̀. Ó ṣí kọ́bọ́ọ̀dù tó wà lábẹ́ ojò ńlá. Ariwo omi jáde. Ojò kejì wà níbẹ̀ tí omi ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ wọ̀, tí pọ́ǹpù sì ń dá a padà sókè. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní skimmer ń fẹ́ afẹ́fẹ́ wẹ́wẹ́ sínú omi. Ìdọ̀tí ń lẹ̀ mọ́ ìfófòó, ìfófòó ń gòkè sínú ife kan, omi dúdú rírùn sì wà ní ìdajì ife náà. Ẹ̀rọ amómigbóná mú omi dúró sí ìwọ̀n 25 lórí Celsius. Bátìrì ńlá kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí yóò máa fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi bí iná bá lọ.

Iṣẹ́ tó ga jù nínú ojò náà, ojú kò lè rí i. Ammonia tí ẹja ń yà sínú omi jẹ́ májèlé. Bakitéríà tó ń gbé nínú òkúta ń sọ ọ́ di nitrite, òmíràn ń sọ ìyẹn di nitrate, tí kò léwu tó bẹ́ẹ̀. Nínú ojò tuntun, ó máa ń tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí àwọn bakitéríà wọ̀nyí tó pọ̀ tó. Ẹ̀gbọ́n dúró jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Ó jẹ́ kí ojò rẹ̀ ju ọdún kan lọ kó tó ronú kan regal, títí kànìnkànìn àti ẹ̀dá wẹ́wẹ́ fi hù fúnra wọn sára òkúta. Ó fi iná fóònù tan ihò kan fún mi, mo rí wọn níbẹ̀: funfun, ìyeyè, kékeré, ní ibi tí ìmọ́lẹ̀ kò dé.

Nígbà tó di àkókò oúnjẹ, ìyàwó rẹ̀ ló gbé abọ́ jáde láti inú fírísà. Lẹ́ẹ̀mẹrin lójúmọ́ ni wọ́n ń bọ́ ọ, òun ló sì ń bọ́ ọ lọ́sàn-án nígbà tí ọkọ bá wà níbi iṣẹ́.

"Bàbá wọn ló ra ẹja," ó wí fún mi, "èmi ló mọ ohun tó fẹ́."

Ó fi hàn mí. Edé wẹ́wẹ́ ti yọ́ nínú omi. Oúnjẹ dídì kan wà tí wọ́n ti lọ kànìnkànìn òkun mọ́. Ó mú mussel kan tí wọ́n ti la ìkarahun rẹ̀ sí méjì, ó tẹ oúnjẹ dídì náà mọ́ ẹran inú rẹ̀, ó sì gbé e sí ẹnu ihò tí regal fẹ́ràn jù. Ó ní ní ìbẹ̀rẹ̀, ẹran mussel nìkan ló ń gbà, nítorí ó lẹ̀ mọ́ nǹkan líle, ẹja náà sì lè ṣa á jẹ bó ṣe ń ṣa kànìnkànìn lára àpáta. Díẹ̀díẹ̀ ló ń fi oúnjẹ mìíràn pa á lára, títí ẹja fi mọ òórùn rẹ̀. Ìgbà tó yá ló wá ń gba èyí tó ń léfòó.

Regal jáde. Ó dúró díẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìkarahun náà, ó wò ó lọ́tùn-ún, ó wò ó lósì. Ó ṣa á. Ó sún sẹ́yìn. Ó tún ṣa á, lẹ́yìn náà kò sún sẹ́yìn mọ́. Inú tọkọtaya náà dùn débi pé ẹni tí kò mọ̀ á rò pé ọjọ́ àkọ́kọ́ tó jẹun nìyẹn.

Mo béèrè ìdí tí ẹja mìíràn inú ojò náà fi kéré tí wọ́n sì jẹ́jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ní ẹja oníjà kan ṣoṣo lè lé regal wọ ihò kó má jáde mọ́. Nígbà tó kọ́kọ́ wọ ojò ńlá, inú àpótí oníhò tí ojú là já ló kọ́kọ́ wà, kí àwọn yòókù lè mọ̀ ọ́n láìlè bá a jà. Àwọn iyùn ẹlẹ́ran náà kò sí níbẹ̀, torí regal a máa já wọn jẹ. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n fi sílẹ̀ nítorí rẹ̀ kò kéré.

Ọ̀nà mìíràn ń ṣí fún àwọn olùfẹ́ ẹja wọ̀nyí. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rúndún yìí ni Frank Baensch, ní Hawaii, ti fi hàn pé a lè tọ́ ọmọ áńgẹ́lì kéékèèké ẹ̀yà Centropyge dàgbà nínú ojò, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọmọ tó bá pa kéré débi pé ẹ̀dá wẹ́wẹ́ tí ojú lásán kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí nìkan ló lè wọ ẹnu rẹ̀. Ẹja tí a bí sínú ojò ti mọ oúnjẹ ọwọ́ ènìyàn láti kékeré. Ẹni tó bá rí irú rẹ̀ rà, kó rà á, bó tilẹ̀ wọ́n. Ṣùgbọ́n regal tó wà lọ́jà, inú òkun ni wọ́n ṣì ti ń mú púpọ̀ nínú wọn.

Ọ̀rọ̀ yìí kan àwa tó wà nílé náà. Òkun tiwa ní áńgẹ́lì tirẹ̀, Holacanthus africanus, tó ń gbé lára àpáta láti etí òkun Sẹ̀nẹ̀gà dé Kóńgò, tó sì lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 45. Ó wù mí kí ọmọ wa mọ̀ ọ́n. Kò wù mí kí a mú un sínú ilé tí iná ti ń lọ tó ń bọ̀ lójoojúmọ́. Bí pọ́ǹpù bá dúró, ọ́síjìn inú omi á bẹ̀rẹ̀ sí tán láàárín wákàtí díẹ̀, ẹja inú ojò tó kún á sì kú kí onílé tó ti ọjà dé.

Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ẹni tó bá fẹ́ sin regal, kó ní ojò ńlá tó ti ju ọdún kan lọ, kó ní iná tí kò ní dá, kó ní ẹni tí yóò bọ́ ọ lọ́sàn-án, kó sì rí ẹja náà kó jẹun lójú rẹ̀ kó tó ná owó kankan. Bí ọ̀kan bá kù nínú mẹ́rin yìí, kó fi ẹja náà sílẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù. Bí oníṣòwò bá rí i pé ẹja tí kò jẹun kò tà mọ́, kò ní béèrè rẹ̀ lọ́wọ́ apẹja mọ́, ọ̀pọ̀ regal á sì kù sínú ihò àpáta wọn nínú òkun, níbi tí oúnjẹ wọn wà.